Ẹ̀tọ́ Òkú Lọ́rùn Alààyè: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Sàréè Àwọn Ológun

 

Ẹ̀yin ọmọ kéwú wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ti wá. Ọmọ náà wà ní kíláàsì Ìdáádì kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà fi àwòrán kan ránṣẹ́ sílé lórí fóònù. Nínú àwòrán náà, ẹ̀gbọ́n yìí wọ kóòtù òtútù, ó dúró láàárín àwọn òkúta funfun tó tò lọ tààrà bí sàfù ìrun. Ó mú ewé tútù kan lọ́wọ́ tí wọ́n ta róbótó bí òṣùká, rìbọ́ọ̀nù pupa wà lára rẹ̀. Ó ń gbé e ti orí sàréè ṣọ́jà kan tí kò mọ̀ rí. Ọmọ náà wá bi wá pé, "Àfáà, ṣé kì í ṣe ẹbọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe yìí?"

A ò ní parọ́, ìdáhùn tí a fún un lọ́jọ́ náà yá jù. A ní ohun àwọn Nàsárá ni, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jìnnà sí i, a sì padà sórí ẹ̀kọ́ náhàwù tí a ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà kò jọ ojú ẹni tó rí ìdáhùn gbà. Nígbà tó di alẹ́, a rí i pé a ti dá ẹjọ́ ohun tí a kò wádìí rẹ̀. Ohun tí a rí nígbà tí a wádìí la kó wá síwájú yín yìí.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lọ ni wọ́n ń pè ní Arlington. Ìpínlẹ̀ Virginia ló wà, odò Potomac ló wà láàárín òun àti Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Oṣù karùn-ún ọdún 1864, nígbà tí ogun abẹ́lé wọn ń lọ lọ́wọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ sin ṣọ́jà síbẹ̀, lórí ilẹ̀ ìdílé ìyàwó Robert E. Lee tó ń ṣe ọ̀gágun fún àwọn ará Gúúsù. Lónìí, àwọn tó sùn síbẹ̀ ju 400,000 lọ. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn òkúta orí sàréè wọn rí bákan náà: funfun, orúkọ, ipò, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, àti àmì ẹ̀sìn ẹni náà. Apá kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 27. Níbẹ̀ ni wọ́n sin nǹkan bí 4,000 ènìyàn dúdú sí, àwọn tó bọ́ lóko ẹrú nígbà ogun náà. Wọn kì í ṣe ṣọ́jà, nítorí náà "ọmọ ìlú" ni wọ́n kọ sára òkúta ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí wọ́n ń tà lọ́jà lánàá, ọmọ ìlú ni wọ́n pè é nígbà tó dé inú ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣùká ewé yẹn kò tí ì pẹ́ rárá. Oníṣòwò kan wà ní ìpínlẹ̀ Maine tó ń jẹ́ Morrill Worcester, tó máa ń ta irú ewé bẹ́ẹ̀ fún àwọn Nàsárá nígbà ọdún Kérésìmesì. Lọ́dún 1992, ọjà ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ó rántí pé òun dé Arlington nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 12, ohun tí òun rí níbẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn òun. Ló bá kó 5,000 lọ síbẹ̀, kí wọ́n fi wọ́n sí apá tó ti pẹ́, tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀ wò mọ́. Ó ń ṣe é lọ́dọọdún láìpariwo títí di 2005, nígbà tí àwòrán àwọn ewé náà nínú yìnyín tàn káàkiri. Ní 2007, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, Wreaths Across America. Láti ìgbà náà, ní Sátidé kan nínú oṣù Disẹ́ńbà, tọmọdé tàgbà máa ń tú jáde lọ sí Arlington àti sí ọ̀pọ̀ ibojì ológun mìíràn. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún wọn. Ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ físàbílílàhì ni.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó bá wá ni ó mú wa dúró. Wọ́n ní bí o bá gbé ewé lélẹ̀, má yára lọ. Dúró, kí o ka orúkọ tó wà lára òkúta náà sókè. Bí o bá sì rí àmì ìràwọ̀ àwọn Yahúúdì, má gbé ewé síbẹ̀, àyàfi bí ẹbí òkú bá béèrè fún un, ṣùgbọ́n dúró níwájú rẹ̀ náà kí o pe orúkọ rẹ̀.

Èyí tó tún wọ̀ wá lákínyẹmí ara jù ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kan níbẹ̀. Lọ́dún 1948, Ọ̀gágun Hoyt Vandenberg, olórí àwọn ọmọ ogun ojú òfurufú Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń sin ṣọ́jà ní Arlington, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ ju àlùfáà wọn àti àwọn ṣọ́jà tó gbé pósí lọ. Kò sí ìyá, kò sí ìyàwó, kò sí ará àdúgbò. Ìyàwó rẹ̀, Gladys, pe àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, kí ẹnì kan ṣáà máa wà níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Arlington Ladies ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ti orí omi ní 1985, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ní 2006. Títí di òní, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, ọ̀kan nínú wọn á dúró létí sàréè. Á fún ẹbí òkú ní lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Bí kò bá sí ẹbí, òun nìkan náà ni ẹbí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ fíqí, kí ni orúkọ tí à ń pe irú ẹrù yìí? Fárílà kífáyà ni: ohun tó jẹ́ ọ̀ranyàn lọ́rùn gbogbo ìjọ, tí àwọn kan bá ṣe é, ó kúrò lọ́rùn àwọn yòókù, tí ẹnì kankan kò bá ṣe é, gbogbo wọn ló jẹ̀bi. Ìwẹ̀ òkú, aṣọ òkú, ìrun òkú àti sísin òkú, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ànábì sì ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tó bá kírun sí òkú lára á gba ládá kíráátì kan, ẹni tó bá dúró títí wọ́n fi sin ín á gba méjì, èyí tó kéré jù nínú wọn sì tó òkè Uhudu. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé ó di ìgbà tí òkú náà bá jẹ́ olówó tàbí ọmọ ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí á tún rántí ìtàn obìnrin dúdú kan tó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì ní Mẹdínà. Obìnrin náà kú lóru, àwọn sàhábà sin ín, wọn kò sọ fún Ànábì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré lójú wọn. Nígbà tí Ànábì kò rí i mọ́, ó béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún òun, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó lọ síbẹ̀, ó sì kírun sí i lára. Ìtàn yìí wà nínú hádíìsì Bùhárì àti Múslímù. A ti ń kọ́ ọ fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ láti fi ṣàlàyé iyì tó wà nínú gbígbá mọ́sálásí. Ohun tó tún wà nínú rẹ̀, tí a kì í sọ tó, ni pé ẹni tó tóbi jù láyé béèrè orúkọ ẹni tó kéré jù lójú àwọn ènìyàn, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi sàréè rẹ̀.

Nígbà tí Ànábì sin Usmaanu ọmọ Maslúúnù, ó gbé òkúta kan sí ibi orí rẹ̀ kí òun lè máa dá sàréè náà mọ̀. Àwọn 70 tó kú lójú ogun Uhudu, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sin sínú sàréè kan, ẹni tó mọ Àlùkùráánì jù ni Ànábì ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì padà lọ ṣe àdúà fún wọn. Nítorí náà, kí á bẹ ológun wò ní sàréè rẹ̀, kí á sì mọ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a jí kọ́ lọ́dọ̀ Nàsárá.

Ṣé ewé wá ń kọ́? Ànábì la imọ̀ ọ̀pẹ tútù sí méjì, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé sàréè méjì tí Ọlọ́hun fi han án pé wọ́n ń jẹ àwọn tó wà nínú wọn níyà. Àwọn onímọ̀ kan ní ti Ànábì nìkan nìyẹn, nítorí pé ìmísí ló fi mọ̀. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Buráídà, sàhábà Ànábì, tó sọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ méjì sí sàréè òun. Àwa ní tiwa, òṣùká ewé tó ní rìbọ́ọ̀nù kò sí nínú ohun tí a ó máa gbé lọ sí sàréè, nítorí àṣà ọdún àwọn ẹlòmíràn ló ti wá, owó rẹ̀ á sì wúlò jù fún ọmọ òrukàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkọ́lé sórí sàréè àti fífi ẹfun kùn ún, tí ìwé Risaala tí ẹ ń kà ní kò dára. Ṣùgbọ́n láti pe ọkùnrin yẹn ní ẹlẹ́bọ, rárá o. Kò bọ òkú, kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òkú. Ó dúró síwájú sàréè àjèjì, ó ka orúkọ rẹ̀. A ti pe ọmọ náà, a sì ti sọ fún un lójú kíláàsì pé àwa ni a ṣìṣe.

Ẹnì kan lè bi wá pé, bí òkú náà kò bá jẹ́ mùsùlùmí ń kọ́? A kò ní tọrọ àforíjìn fún un, ìyẹn ti hàn nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé òkú Yahúúdì kan kọjá, Ànábì dìde dúró, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un pé Yahúúdì ni, ó bi wọ́n bóyá ẹ̀mí kọ́ ni. Kí á fa koríko orí sàréè ẹnikẹ́ni, kí á má jẹ́ kí ewúrẹ́ máa sùn lé e lórí, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Àwọn tiwa náà sì wà ní Arlington. Ní apá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 60, òkúta kan wà tí àmì òṣùpá àti ìràwọ̀ wà lórí rẹ̀. Kareem Rashad Sultan Khan ni orúkọ ẹni tó sùn síbẹ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ New Jersey, tó kú ní Ìráàkì ní oṣù kẹjọ ọdún 2007. Ọmọ 20 ọdún ni. Àwòrán ìyá rẹ̀ létí òkúta náà ni Colin Powell, ọ̀gágun àgbà tẹ́lẹ̀ rí, sọ̀rọ̀ lé lórí lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2008, nígbà tí àwọn kan ń fi orúkọ mùsùlùmí bú ènìyàn nítorí ìdìbò. Ohun tí a rò nípa ogun Ìráàkì, ọ̀tọ̀ nìyẹn. A ò ní gbé e wá sórí sàréè.

Ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Mọ́kọ́lá kọjá ní Ìbàdàn, ẹ ń rí bárékè Letmauk. Ní Èkó, Arakan wà ní Àpápá, Myohaung wà ní Yábàá, Dodan sì wà lẹ́bàá Ọbáléndé, níbi tí àwọn olórí ológun ti ṣèjọba Nàìjíríà títí di 1991. Ta ni nínú yín tó ti béèrè ohun tí àwọn orúkọ wọ̀nyí túmọ̀ sí? Wọn kì í ṣe èdè Yorùbá, wọn kì í ṣe Haúsá, wọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́mà ni gbogbo wọn wà, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Níbẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1943 sí 1945, nínú ẹ̀ka ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 81 àti 82. Wọ́n ru ẹrù sórí gba inú igbó àfonífojì Kaladan, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Oṣù kìíní 1945 ni wọ́n gba ìlú Myohaung. Àwọn mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn.

Àwọn tó kù sọ́hùn-ún dà? Ibojì ológun ńlá kan wà ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon. Àwọn tó sùn síbẹ̀ ju 6,000 lọ. Láàárín rẹ̀ ni òpó ìrántí tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 ológun sí, àwọn tí a kò mọ sàréè wọn. Orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ta ló ń lọ kà á?

Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni Commonwealth War Graves Commission, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1917. Ìlànà wọn ni pé kí a kọ orúkọ gbogbo òkú ogun, kí a má ṣe ìyàtọ̀ nítorí ipò, ẹ̀sìn tàbí àwọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àwọn fúnra wọn gbé ìwádìí jáde, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ìwádìí náà fi hàn pé lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn òkú tí kò dín ní 116,000, tó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ rántí wọn rárá. Àwọn ará Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn mìíràn, láti 45,000 sí 54,000, tí àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn, ni wọn kò fi ọ̀wọ̀ kan náà fún bíi ti àwọn òyìnbó. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà gbà pé òkúta tó ní orúkọ kò lè nítumọ̀ lójú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń gbá mọ́sálásí náà ni? Ó kéré lójú wọn, wọn kò sọ fún ẹnì kankan.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun lọ́mọ ọdún 16. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ farapa kú tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku òun àti ọmọ Sierra Leone kan. Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan ní Arakan, Shuyiman, ló ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì fi wọ́n pamọ́ sílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí àwọn Japan bá mọ̀, pípa ni wọn ì bá pa òun àti ìdílé rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí ìdásílẹ̀. Fadoyebo kì í ṣe mùsùlùmí. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ọpẹ́ bàbá náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman. Shuyiman fúnra rẹ̀ ti kú. Fadoyebo náà kú ní 2012.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ọjọ́ 15 oṣù kìíní la fi ń rántí àwọn ológun tó ti kú. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n yí i padà nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970 ni ogun Biafra parí. Àwọn olórí á gbé òdòdó lélẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á gbé e jáde. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, koríko á máa hù lọ.

A kò lè bá ìjọba wí kí á má bá ara wa wí. Nígbà tí àwa fúnra wa wà lọ́mọ kéwú, bàbá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Bọ́mà. Ó máa ń tiro díẹ̀, sàfù kìíní ló sì máa ń wà nírun àsùbáà. Lọ́dọọdún, bí a bá ti kírun iléyá tán, á bẹ Àfáà àgbà kí ó bá òun ṣe àdúà fún àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta tí òun fi sílẹ̀ "lọ́hùn-ún". Á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti orúkọ bàbá wọn. Àwa á ṣe àmín, ọkàn wa á wà lára ẹran. Bàbá ti kú ní ohun tó lé lógún ọdún. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ yìí, a gbìyànjú láti rántí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ọ̀kan tí a rántí. A lọ wo sàréè bàbá náà. Igbó ti bò ó dé ìbàdí.

Nítorí náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdánwò, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì Ìdáádì àti Sánáwì yóò bá wa lọ sí itẹ́ òkú mùsùlùmí àdúgbò. Ẹ mú àdá, ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ wá. Sàlámà fún àwọn ará ibẹ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. A kò ní jókòó lé sàréè, a kò ní gun orí rẹ̀ kọjá, a kò sì ní dáná sun koríko níbẹ̀. Ní Ìbàdàn níbí, ibojì ológun kan wà tó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ tí a dárúkọ lókè yẹn; a ti kọ lẹ́tà láti tọrọ ààyè kí á lè lọ ka orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, kí á sì ṣe àdúà fún èyí tó bá jẹ́ mùsùlùmí nínú wọn. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí kí obìnrin máa bẹ sàréè wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àíṣà lọ sí sàréè arákùnrin rẹ̀, Abdurahmáànù. A ti fa iṣẹ́ mìíràn lé wọn lọ́wọ́, ó sì tóbi ju ti àdá lọ.

Wọ́n ti la ìwé ńlá kan. Ẹ̀yin òbí, bí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín bá lọ sí Bọ́mà, tàbí ó lọ sí Kóńgò ní àwọn ọdún 1960, tàbí ó jà nínú ogun abẹ́lé wa, tàbí ní Làìbéríà àti Sierra Leone, ẹ wá sọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́, ibi tó sùn sí, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí, a ó kọ ọ́. Ọwọ́ akọ̀wé ilé kéwú ni ìwé náà wà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé àti Ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ Bàbá Bọ́mà ló kọ́kọ́ wá. Ó mú ìwé àdúà bàbá rẹ̀ dání, ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya. Nínú rẹ̀ ni bàbá ti fi háráfì Lárúbáwá kọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta náà sí. Méjì ló ṣeé kà. Ikán ti jẹ ẹ̀kẹta. A ti kọ àwọn méjèèjì sí ojú ewé kìíní, a sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ wọn, bóyá ẹnì kan wà nínú ẹ̀yin àgbà mọ́sálásí tó fetí sí àdúà ju àwa lọ nígbà yẹn.